"Agẹṣin akọ́ṣẹ́" ni mo fara mọ́

Kí ni ká máa pe ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ ẹṣin gígùn fún eré ìje? "Ọmọ ẹlẹ́ṣin" ni èsì tó kọ́kọ́ wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká gbà á wọlé. Ẹlẹ́ṣin lè jẹ́ ẹni tó ni ẹṣin, ó sì lè jẹ́ ẹni tó gùn ún. Nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀tọ̀ ni olówó tó ni ẹṣin, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó wà lórí gàárì.

"Ọmọṣẹ́ agẹṣin" sàn díẹ̀, àmọ́ ó ṣi ọ̀gá mú. Ọ̀gá ọmọṣẹ́ télọ̀, télọ̀ ni. Ti ẹṣin kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Frankie Dettori, gbajúmọ̀ agẹṣin eré ìje: agẹṣin ńlá ni Gianfranco, bàbá rẹ̀, ní Ítálì, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ Luca Cumani ní Newmarket, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló lọ kọ́ṣẹ́ ní 1985. Iṣẹ́ Cumani ni kó máa kọ́ ẹṣin ní eré sísá. Lọ́dọ̀ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀, ọmọ á kó ìgbẹ́ ẹṣin, á fọ ara ẹṣin, á gùn ún lórí pápá ní kùtùkùtù, kí ọ̀gá tó fi orúkọ ọmọ náà sílẹ̀ fún ìje. Ní 1987, ní pápá ìje Goodwood, ni Dettori kọ́kọ́ borí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí ẹṣin tó ń jẹ́ Lizzy Hare. Nígbà tó fi di 1989, òun ló gba ipò kìíní láàárín àwọn akọ́ṣẹ́ níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní "agẹṣin akọ́ṣẹ́". Agẹṣin ni lóòótọ́, torí òun àtàwọn àgbà agẹṣin ló jọ ń sá ìje kan náà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń dín ẹrù tí ẹṣin rẹ̀ ń gbé kù: nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, páùn 7 (páùn ìwọ̀n, kì í ṣe ti owó) títí á fi borí nígbà 20, páùn 5 títí dé 50, páùn 3 títí dé 95. Bí ìwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀ pé kí ẹṣin gbé bá jẹ́ páùn 126, ti akọ́ṣẹ́ tuntun á di 119. Bí agẹṣin àti gàárì rẹ̀ kò bá sì tó ìwọ̀n, òjé ni wọ́n ń kì sí i. A ti ní ẹ̀dínwó lọ́jà. Ẹ jẹ́ ká pe èyí ní ẹ̀dínwọ̀n. Ní Amẹ́ríkà, àmì ìràwọ̀ tí wọ́n ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ akọ́ṣẹ́ jọ kòkòrò, wọ́n bá kúkú ń fi kòkòrò pe ọmọ náà. Mi ò fẹ́ ká yá ìyẹn rárá.

Ṣé ká wá sọ pé ó "gba fíríìdọ̀mù" nígbà tó bá borí tó nígbà 95? Kò bá a mu. Lọ́dọ̀ tiwa, ọdún àdéhùn ló ń pé, ọ̀gá á gbàdúrà, wọ́n á ya fọ́tò. Iye ìgbà tó borí ni wọ́n ń kà fún agẹṣin. "Ó ti jẹ ẹ̀dínwọ̀n rẹ̀ tán" ni èmi á sọ.