Ṣé kí n kọ́kọ́ gba ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Oníṣẹ́ iná ni mí ní Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gun òrùlé láti to sólà. Páànù gbígbóná ti sọ àtẹ́lẹwọ́ mi di èèpo igi.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná ló ń wù mí báyìí. Ìwé-ẹ̀rí ààbò GWO (Global Wind Organisation, àjọ àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lágbàáyé) ni wọ́n sábà máa ń béèrè: iṣẹ́ orí òkè, ìtọ́jú pàjáwìrì, iná pípa. Ọdún 2 péré, wọ́n á ní kéèyàn tún un ṣe! Afẹ́fẹ́ Òṣogbo níbí, aṣọ ló lè gbẹ. Katsina ni wọ́n gbé irú ẹ̀rọ yìí 37 sí; ibùdó Lake Turkana ní Kẹ́ńyà ní 365.

Ajẹ́ńtì kan ní kí n mówó wá, òun á mú mi dé Jámánì. Mo ní kó fi lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ hàn mí, kò gbé fóònù mi mọ́. Ìyàwó mi ní kí n kúkú fi owó náà ra bátìrì tà.

Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: ṣé kí n fi owó ọwọ́ mi gba ìwé-ẹ̀rí yìí kí n tó wá iṣẹ́, àbí kí n wá ilé-iṣẹ́ tó máa gbà mí ná?

Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ o.