Ṣé kí n gé ọ̀rọ̀ Nurse kù nínú eré yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onítíátà. À ń múra eré Romeo and Juliet, wọ́n wá ní kí n gé ọ̀rọ̀ Nurse, ìyá tó tọ́ Juliet dàgbà, kù kó má baà gùn jù. Ọkàn mi ò gbà á rárá. Ìyá yìí ló fún Juliet lọ́mú, òun ló ń jíṣẹ́ fún un lọ́dọ̀ Romeo olólùfẹ́ rẹ̀, òun náà ló gbé àkàbà okùn tí Romeo máa fi gùn wọ yàrá rẹ̀ wá. Ìgbà tóun náà wá ní kí Juliet fẹ́ Paris, ọkùnrin tí àwọn òbí rẹ̀ yàn fún un, lọmọ ò finú hàn án mọ́, tó sì dá oògùn oorun tí àlùfáà Friar Laurence fún un mu nínú yàrá. Bí òǹwòran ò bá ti fẹ́ràn ìyá yìí tẹ́lẹ̀, báwo ni yóò ṣe dùn wọ́n? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti darí eré rí, ibo ni kí n gé?