Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe súpáfáísọ̀ tíísìsì probability, kí lojú yín ti rí?

Bàbá Sígmà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ kan gbé chapter 2 wá fún mi lọ́sẹ̀ yìí, ó ń differentiate Brownian motion, ìrìn ségesège tí ò ṣeé differentiate níbì kankan, lọ ràì bí ẹni ń mumi. Mo pa ìwé náà dé, mo lọ sùn. Ẹ sọ tiyín.

Ìyá Martingale: Tèmi nìyí. Ọmọ kan ń ṣe random walk, ìrìn ọ̀mùtí yẹn, kan síwájú tàbí kan sẹ́yìn bí owó ẹyọ bá ṣe bọ́ sí, ó bẹ̀rẹ̀ láti 0, ó fẹ́ mọ iye ìgbésẹ̀ tó máa ń gbà ní ìpíndọ́gba kó tó kan 1. Ó rọ́ọ̀nù kóòdù nígbà 100, ó rí nọ́ńbà kan, ó rọ́ọ̀nù ẹ̀ nígbà 10,000, nọ́ńbà fò sókè, ó tún fi kún un, ó tún ga sí i, ló bá pè mí láago méjìlá òru pé "Mà, kọ̀ǹpútà mi ti bàjẹ́, àtàná ló ti wà lórí ẹ̀." Mo ní kò bàjẹ́, ìpíndọ́gba yẹn ni ò lópin. Ó ní ṣebí á kan 1 dandan? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, á kàn án, probability ẹ̀ pé 1 géérégé, àmọ́ àsìkò tó máa lò ní ìpíndọ́gba ò lópin, èkíní ò ta ko èkejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi bá mi jà.

Ọ̀dọ́ Ìṣirò: èmi ni kọ̀ǹpútà yẹn 😂

Ẹ̀gbọ́n Alágídí: Orí ọ̀mùtí yìí kan náà ni ọmọ tèmi ti fi tíọ́rẹ́ẹ̀mù optional stopping fi hàn mí pé 0 = 1 o! Ó ní martingale ni, bí eré tí ò ṣojúsàájú, ibi tó dúró gbọ́dọ̀ bá ìbẹ̀rẹ̀ dọ́gba ní ìpíndọ́gba, bẹ́ẹ̀ 1 ló dúró sí. Mo ní conditions tíọ́rẹ́ẹ̀mù ńkọ́? Ó ní "wọ́n wà nínú ìwé, sà."

Àbíkẹ́: Wọ́n kúkú wà nínú ìwé 😭

Mi ò gbà: Ẹ máa fọmọ ọlọ́mọ ṣẹ̀rín o. Oṣù mẹ́rin ni súpáfáísọ̀ tèmi ò fi dá email mi lóhùn, ó ku ọjọ́ méjì kí n dé iwájú panel tó máa yẹ tíísìsì mi wò ló wá ń bi mí pé data mi dà. Measure theory, ìṣirò bí a ṣe ń wọn ìtóbi nǹkan, ni mo ń kọ, kò ní data!

Ìyá Martingale: Èmi gbé ìpè lóru o, ẹ má fi mí sí i.

Ẹ̀gbọ́n Alágídí: Kí tiẹ̀ ni ọmọ fẹ́ fi measure theory ṣe? 1913 ni Markov, onímọ̀ ìṣirò ará Rọ́ṣíà, fọwọ́ ka lẹ́tà 20,000 nínú ewì Pushkin, fáwẹ̀lì rèé, kọ́ńsónáǹtì rèé, ó fi dán chain ẹ̀ wò, níbi tí èyí tó kàn ti ń wo èyí tó ṣáájú ẹ̀ nìkan. 1933 ni ìwé Kolmogorov tó gbé probability ka orí measure theory ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Mi ò gbà: Markov ò ní panel lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Àbíkẹ́: Ọmọ tèmi ṣe ti Markov yẹn pẹ̀lú Yorùbá! Ó ní kọ́ńsónáǹtì ń tẹ̀ lé kọ́ńsónáǹtì dáadáa nínú èdè wa. Mo ní níbo? Kóòdù ẹ̀ ka "gb" sí lẹ́tà méjì, ó tún ka "n" inú "ìrántí" sí kọ́ńsónáǹtì. Nígbà tó tún un ṣe, ìlà kọ́ńsónáǹtì nínú matrix, tábìlì tó ń sọ probability ohun tó máa tẹ̀ lé e, di 0 àti 1: fáwẹ̀lì ló ń tẹ̀ lé e dandan. Ó ní òun ò ní tíísìsì mọ́.

Ọ̀dọ́ Ìṣirò: "ńlá" ńkọ́?

Àbíkẹ́: Ń yẹn ń gba ohùn, fáwẹ̀lì la kà á sí.

Ẹ̀gbọ́n Alágídí: Ta ló kà á sí fáwẹ̀lì? Kọ́ńsónáǹtì ni, àránmúpè aṣesílébù ni wọ́n ń pè é.

Àbíkẹ́: Ẹ̀gbọ́n, tó bá dá sílébù ṣe, ibo lẹ fẹ́ kí n fi í sí nínú matrix oníyàrá méjì?

Mi ò gbà: Ẹ ṣí yàrá kẹta fún un.

Ọ̀dọ́ Ìṣirò: chapter 4 ti dé nìyẹn

Bàbá Sígmà: Brownian motion ni mo bá wá o.