Waya trolling motor ń gbóná nínú ọkọ̀ àlòkù tí mo rà: kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin akẹ́ja. Houston ni mo wà. Mo ra ọkọ̀ àlùmíníọ̀mù àlòkù kan, ẹsẹ̀ bàtà 16 ni gígùn rẹ̀, Lake Conroe ni mo fẹ́ máa gbé e lọ. Ẹ́ńjìnnì epo wà ní ìdí rẹ̀, trolling motor Minn Kota (mọ́tò kékeré oníbátìrì tó ń rọra ti ọkọ̀ tí a bá ń pẹja) onífólítì 12, tí agbára ìtì rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 55, wà níwájú. Bátìrì kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn: òun ló ń ṣíná ẹ́ńjìnnì, òun náà ló ń yí mọ́tò iwájú. Waya géèjì 10 ni ẹni tó tà á fún mi fà láti ẹ̀yìn dé iwájú. Tí mo bá fi mọ́tò náà sí ibi tó le jù, waya yẹn á gbóná débi pé n kò lè dì í mú, rọ́bà rẹ̀ sì ti ń rọ̀ níbi tó ti gba abẹ́ ìjókòó kọjá. Kò sí fíùsì, kò sí bíréékà.

Ẹnì kan ní kí n fa waya pupa nìkan lọ síwájú, kí n so dúdú mọ́ ara ọkọ̀, irin ṣáà ni. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni yóò máa bá mi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Rìwáyà Dallas: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ yọ waya yẹn kúrò lórí bátìrì lónìí ná. Mọ́tò pọ́n-ùn 55 lè fa ámpù 50, géèjì 10 kò lè gbé ìyẹn lọ jìnnà bẹ́ẹ̀. Ohun tí Minn Kota fúnra wọn kọ ni géèjì 8 fún ẹsẹ̀ bàtà 5, géèjì 6 fún 10, géèjì 4 fún 15 àti 20. Bí nọ́mbà bá ṣe ń kéré ni waya ń sanra, nítorí náà géèjì 4 ni tiyín. Ẹ ra waya tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ojú omi. Tí ẹ bá bó o, ẹ ó rí i pé bàbà inú rẹ̀ funfun, tin ni wọ́n fi bò ó kí omi má baà jẹ ẹ́.

Bíréékà ámpù 60 ni kí ẹ fi sí waya pupa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì gan-an. Tí ẹ bá gbé e síwájú, tí etí àlùmíníọ̀mù sì gé rọ́bà waya lójú ọ̀nà, kò sí ohun tó máa já iná yẹn, ọkọ̀ á gbiná. Ẹni tó ní kí ẹ so dúdú mọ́ ara ọkọ̀, ẹ má gbọ́ tiẹ̀ rárá. Mọ́tò orí ilẹ̀ la ti ń ṣe ìyẹn. Nínú omi, iná tó bá ń gba ara ọkọ̀ kọjá á máa jẹ àlùmíníọ̀mù náà díẹ̀díẹ̀ ni. Pupa àti dúdú, àwọn méjèèjì ni kó dé orí bátìrì.

Ìyá Ìbejì, Maryland: Ẹ ṣé, Rìwáyà. Bọ̀dá, ẹ ra bátìrì kejì. Ti ẹ́ńjìnnì, agbára ńlá ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Deep cycle, bátìrì tí wọ́n ṣe láti máa gbé iná jáde fún ìgbà pípẹ́, ni mọ́tò iwájú ń fẹ́. Tí ẹ bá fi bátìrì kan ṣoṣo pẹja títí ó fi kú láàárín adágún, kí lẹ máa fi ṣíná padà sétí omi? Bátìrì ámpù-wákàtí 100 kò lè tó wákàtí méjì tí ẹ bá ń sáré tó le jù, àmọ́ eré jẹ́jẹ́ á gbé yín pẹ́. Tó bá jẹ́ olómi, ẹ má jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ ju ìdajì lọ: tó bá sinmi tán tí mítà ka fólítì 12.2, ó ti dé ìdajì nìyẹn. Ìta gbangba ni kí ẹ ti máa chájì rẹ̀, nítorí gáàsì rẹ̀ máa ń gbiná.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́: Ẹ ò ṣe gbé bátìrì tuntun náà síwájú? Waya á kúrú, owó á dínkù.

Rìwáyà Dallas: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n irú bátìrì bẹ́ẹ̀ lè tó pọ́n-ùn 60. Tí ẹ̀gbọ́n àti ọmọ wọn bá tún jókòó síwájú, imú ọkọ̀ á tẹ̀ wọ omi. Ká ní bátìrì lithium tó fúyẹ́ ni, èmi náà á gbé e síwájú, àmọ́ chájà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Ibi yòówù kó wà, ẹ fi sínú àpótí rẹ̀, kí ẹ fi bẹ́líìtì dè é mọ́lẹ̀.

Àǹtí Katy: Ìwé ńkọ́? Ní Texas níbí, trolling motor nìkan ti tó láti mú kí ọkọ̀ nílò ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ Texas Parks and Wildlife. Ẹ́ńjìnnì epo yẹn náà ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó tà á kó tó di àwátì. Ọmọ tí kò tíì pé 13 sì gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù ìléfòó ní gbogbo ìgbà tí irú ọkọ̀ yín bá ń rìn. Kì í ṣe kẹ́ ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ o, kó wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹni tó béèrè: Olúwa á san yín lẹ́san. Mo ti yọ waya náà. Ẹ̀yìn ni màá fi bátìrì méjèèjì sí, màá ra géèjì 4 àti bíréékà 60. Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé mo ṣe é dáadáa?

Rìwáyà Dallas: Ẹ jẹ́ kí abẹ̀bẹ̀ mọ́tò wà nínú omi, kẹ́ ẹ fi sí ibi tó le jù. Ẹ fi mítà wọn orí bátìrì, kẹ́ ẹ tún wọn ibi tí waya ti pàdé mọ́tò níwájú. Tí ìyàtọ̀ wọn bá ju fólítì 0.6 lọ, ìyẹn ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ tún àwọn ojú ìsopọ̀ yẹ̀ wò, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan wà níbẹ̀ tí kò fún. Ẹ kọ nọ́mbà méjèèjì síbí ká jọ wò ó.