Súmáílà ni àbí Ìsíákà? Ẹ mú ẹsẹ wá

Ọmọ Ìtòkú: Ẹ kú ilé o. Iléyá ti dé tán, ìjà ọdọọdún sì ti tún bẹ̀rẹ̀ nídìí àdìrẹ ní Ìtòkú: èwo nínú àwọn ọmọ Bùráímọ̀ (Ábúráhámù) ló dùbúlẹ̀ fún ọ̀bẹ, Súmáílà (Íṣímáẹ́lì) àbí Ìsíákà (Ísáákì)? Ẹ̀yin tí ẹ ti ka Àlùkùránì pọ̀ mọ́ Bíbélì, ibo lẹ ti rí i tí ọ̀rọ̀ Mùsùlùmí, Yàhúdí àti Onígbàgbọ́ jọ, ibo ló sì ti yà?

Ọmọ Aké: Jẹ́nẹ́sísì 22, ẹsẹ 2. Ó dárúkọ Ísáákì ketekete. Ó parí.

Akéwú Kóbítì: Kò parí o, ọmọ Aké. Ẹsẹ yẹn kan náà pè é ní ọmọ kan ṣoṣo. Ẹ ṣí ìwé yín padà sẹ́yìn díẹ̀: ẹni ọdún 86 ni Ábúráhámù nígbà tí wọ́n bí Íṣímáẹ́lì (16:16), ẹni 100 ọdún nígbà tí wọ́n bí Ísáákì (21:5). Ọdún 14 gbáko ni Súmáílà fi dá nìkan jẹ́ ọmọ. Nínú Àlùkùránì, Súrà 37, àlá àti ọ̀bẹ wà ní ẹsẹ 102 sí 107, kò sì sí orúkọ ọmọ níbẹ̀ rárá. Ó di ẹsẹ 112 kí ìró ayọ̀ Ìsíákà tó dé. Ìdí nìyẹn tí àwọn àlùfáà tó pọ̀ jù fi ní Súmáílà ni.

Àgbà Ìbarà: Ẹ fi ti al-Tabari kún un. Àgbà nínú àwọn tó túmọ̀ Àlùkùránì ni, ọdún 923 ló kú, ti Ìsíákà ló sì gbè. Kì í ṣe ohun tá a ó fi máa pe ara wa ní kèfèrí.

Akéwú Kóbítì: Òótọ́ ni, bàbá. Ibn Kathir, tóun náà túmọ̀ Àlùkùránì lẹ́yìn rẹ̀, kò gbà fún un ṣá.

Àbíkẹ́ Ṣàpọ̀n: Ẹ ò tíì rí ẹran rà, ẹ ti ń jà sórí ọmọ 😂

Ẹlẹ́ran Láfẹ́nwá: Ẹ ṣeun, Àbíkẹ́. Ọmọ yòówù kó jẹ́, ẹ wo àgbò yín dáadáa. Àgùntàn gbọ́dọ̀ tó oṣù mẹ́fà, ewúrẹ́ ọdún kan, màlúù ọdún méjì. Ènìyàn méje lè dáwó ra màlúù kan. Èyí tí ojú rẹ̀ kan fọ́, tó ń tiro, tí àìsàn rẹ̀ hàn, tàbí tó gbẹ kan eegun, kò wọlé. Ẹni tó bá sì pa á kí wọ́n tó kírun Yídì, ẹran ọbẹ̀ lásán ló pa. Bísímílà, kí ọ̀bẹ mú, kó gé gògóńgò, ọ̀nà oúnjẹ àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn méjèèjì. Ọ̀bẹ tó bá kú, yíya ló ń ya ọ̀fun. Kó má ṣe jà mọ́ kí ẹ tó bó awọ.

Yàhúdí le jù wá lọ níbí. Èékánná ni wọ́n fi ń wo ẹnu ọ̀bẹ. Tó bá kán bíńtín, wọn ò ní lò ó. Wọ́n á rẹ ẹran sómi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n á fi iyọ̀ pa á fún wákàtí kan kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde, wọ́n á wá ṣàn án. Wọ́n tún ń yọ iṣan itan, nítorí ìjàkadì Jékọ́bù (Jẹ́nẹ́sísì 32:32).

Ìyá Ìbejì Kútọ̀: Ṣé Mùsùlùmí lè jẹ ohun tí wọ́n bá pa?

Akéwú Kóbítì: Súrà 5:5 ní oúnjẹ àwọn oní-Tírà, ìyẹn Yàhúdí àti Onígbàgbọ́, tọ́ sí wa. Ẹlẹ́dẹ̀ ò sí níbẹ̀ o! Ràkúnmí ńkọ́? Tiwa ni, àwọn Yàhúdí kì í fẹnu kàn án (Léfítíkù 11:4).

Ọmọ Aké: Ràkúnmí wo ló wà ní Abẹ́òkúta?

Àgbà Ìbarà: Ẹ̀yin ọmọ ìjọ, ẹ dákẹ́ ná. "Àlùfáà", "wòlíì", "ìwàásù", "àdúrà" tó kún inú Bíbélì yín, ọ̀dọ̀ ìmàle la ti gbà á.

Ọmọ Aké: Irọ́ gbuu! Yorùbá pọ́ńbélé ni àdúrà.

Àgbà Ìbarà: Addu'a ni Haúsá ń pè é, láti inú èdè Lárúbáwá. Wa'z ló di wàásù. Crowther, àgbà nínú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, tó ṣe ìrìbọmi fún ìyá tó bí i ní Abẹ́òkúta níbí ní 1848, kò dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ níbi tó ti rí èyí tí ará ilú ti ń sọ. Nígbà tí odindi Bíbélì Yorùbá fi jáde ní 1884, ó ti mọ́ wa lẹ́nu.

Ìyá Ìbejì Kútọ̀: Háà. Àlááfíà náà ńkọ́?

Àgbà Ìbarà: Òun náà.

Ọmọ Aké: Ẹ má kó gbogbo ẹ̀ lọ, ẹ ṣẹ́ ìgbàgbọ́ kù fún wa.

Akéwú Kóbítì: Ẹni tó béèrè ibi tó jọ: Jerúsálẹ́mù ni Ànábì kọ́kọ́ ń kọjú sí kírun, ní Mẹ̀dínà, ó tó oṣù 16 tàbí 17 kí ó tó yí sí Mẹ́kà (2:144). Ààwẹ̀ Àṣúrà náà, 10 Mùhárámù, ó bá àwọn Yàhúdí Mẹ̀dínà tí wọ́n ń gbà á nítorí Ànábì Músá ni. Ó gbà á, ó sì ní òun á fi ọjọ́ kẹsàn-án kún un. Ibi tó yà jù ni orí igi: Súrà 4:157 ní wọn ò kan Ànábì Ísá mọ́gi, orí rẹ̀ sì ni gbogbo ìjọ kọ́lé lé.

Àbíkẹ́ Ṣàpọ̀n: Ẹlẹ́ran, àgbò oníwo ńlá tí ẹ so mọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn, èló ni jálẹ̀?

Ẹlẹ́ran Láfẹ́nwá: Ìyẹn ń tiro. Ẹ yà wá lọ́la, kí n fi òmíràn hàn yín.