Yẹtí wo ni ìyàwó lè fi ṣe ìnáwó ìta gbangba nínú oòrùn, tí etí kò ní yún un?

Ẹ̀gbọ́n Ìyàwó (Òkè-Fìà)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Oṣù kẹta la máa ṣe ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin níbí ní Òṣogbo. Abẹ́ kánópì ni, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ sì mọ bí oòrùn oṣù kẹta ṣe máa ń mú kí òjò tó dá sí i. Aṣọ òkè àti ìyùn ló máa kọ́kọ́ wọ̀, lẹ́yìn náà léèsì.

Etí àbúrò mi kò gba yẹtí olówó pọ́ọ́kú rárá: á yún, á pọ́n, á sì máa sun omi. Mọ́mì wa ní tiwọn, ihò etí wọn ti fà, bẹ́ẹ̀ yẹtí ìyùn ńlá ni wọ́n fẹ́. Ọmọ ọdún méje kan tún wà tó máa gbé òdòdó, ìyá rẹ̀ ní òun á lu etí rẹ̀ lọ́sẹ̀ ìnáwó. Irú yẹtí wo ni ká rà, báwo la sì ṣe máa mọ èyí tó dáa?

Alágbẹ̀dẹ Wúrà (Ọjà Ọba)

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o, àbúrò. Ọlọ́run á jẹ́ ká ṣe é láṣeyè.

Ẹ má kọ́kọ́ wo èyí tó ń dán níwájú. Ẹ yí yẹtí náà padà, kí ẹ wo ìkọ́ tàbí ọ̀pá tó máa wọ ihò etí, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú yẹtí olówó pọ́ọ́kú, irin tó ní nickel nínú ni (nickel ni irin tó sábà máa ń mú kí etí yún), omi wúrà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni wọ́n fi bò ó. Òógùn ní iyọ̀. Bó bá ń ṣàn sí ihò etí fún wákàtí márùn-ún, mẹ́fà, iyọ̀ yẹn á máa jẹ irin náà, nickel á sì máa yọ́ wọ awọ ara. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè wọ yẹtí kan nínú ọ́fíìsì tó tutù láìsí wàhálà, kí yẹtí yẹn náà wá máa dà á láàmú lóde ọ̀sán.

Bí owó bá wà, wúrà kárátì 18 ni mo máa mú fún un. Nínú gbogbo gíráàmù 100 rẹ̀, 75 jẹ́ wúrà ògidì, ẹ ó sì rí àmì 750 lára rẹ̀. Kárátì 14, tó ní àmì 585, ṣì dára. Wúrà funfun ni kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí nickel ni wọ́n fi ń sọ òmíràn nínú rẹ̀ di funfun. Bí owó ò bá tó, ẹ wá irin tí wọ́n ń pè ní titanium: kò wúwo, òógùn kò sì lè ràn án. Fàdákà 925 dára fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ ó lè dúdú nítorí bàbà tó wà nínú rẹ̀. Stainless 316L, irú irin kan tí kì í tètè dípẹtà, náà ní nickel. Irin yẹn di nickel inú rẹ̀ mú gan-an ni, ọ̀pọ̀ ń lò ó láìséwu, ṣùgbọ́n etí tó ti máa ń sun omi tẹ́lẹ̀, mi ò ní fi dán an wò lọ́jọ́ ìnáwó. Ẹ má sì gbọ́kàn lé mágínẹ́ẹ̀tì. Irin tó ní nickel wà tí mágínẹ́ẹ̀tì kì í fà.

Ní ti ìwúwo, kí ẹyọ kan má ju gíráàmù 5 lọ. Bó bá ti ń lọ sí 10, etí á ti máa dùn ún kó tó di ọ̀sán. Àwa tí à ń ta wúrà ní òṣùwọ̀n kékeré. Ẹ ní kí wọ́n bá yín wọ̀n ọ́n níbẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kí ìkọ́ nípọn tó mìlímítà 0.8, torí èyí tó bá tín-ín-rín jù máa ń gé ẹran etí bí ohun wúwo bá so mọ́ ọn.

Onígèlè (Ìgbọ̀nà)

Òótọ́ ni alágbẹ̀dẹ sọ, àmọ́ ẹ má gbàgbé gèlè. Bí wọ́n bá wé gèlè aṣọ òkè bo etí, tí ọ̀pá yẹtí sì gùn, gèlè á máa ti orí ọ̀pá yẹn mọ́ ara lẹ́yìn etí. Ìyàwó á ní orí ń fọ́ òun, wọ́n á sì máa di ẹ̀bi ru gèlè. Ọ̀pá kúkúrú tó ní rọ́bà pẹlẹbẹ lẹ́yìn ló yẹ ẹ́. Kó fi yẹtí sí kí ẹ tó wé e, kí etí gèlè sì jókòó sókè ihò yẹn díẹ̀. Lọ́fínńdà àti àtíkè ló máa ṣáájú, kí wọ́n gbẹ, kí yẹtí tó dé.

Níwọ̀n bí ìyùn ti wà lọ́rùn, kí yẹtí má gùn ju sẹ̀ńtímítà 3 sí 4 lọ. Èyí tó bá kan èjìká á máa lọ́ mọ́ ìyùn. Nígbà tí wọ́n bá sì ń ná ìyàwó lówó, ẹ wo ọwọ́ àwọn tó ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí: bí ọwọ́ yẹn ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń kọ́ yẹtí gígùn. Irin pẹlẹbẹ ńlá náà kò dáa. Bó bá jáde sí oòrùn láti ya fọ́tò, á gbóná, á sì máa kan án lọ́rùn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ ìyá ọmọ yẹn. Ẹran etí ìsàlẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kó tó jinná. Òógùn, eruku àti ọwọ́ ọmọdé máa kó sínú egbò tútù. Bí wọ́n bá lè lù ú ní oṣù méjì ṣáájú, omi tí wọ́n sè tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ife kan, pẹ̀lú iyọ̀ tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí kékeré, ni kí wọ́n máa fi nù ún. Kí wọ́n má da sípírítì sí i, ó máa ń ba ẹran tó ń jinná jẹ́. Bí àpá bá máa ń wú ga nínú ìdílé wọn, kí wọ́n kọ́kọ́ rí dókítà. Bí àyè ò bá sí, ẹ fi etí ọmọ sílẹ̀, òdòdó ọwọ́ rẹ̀ ti tó o.

Fún ìyàwó, kó wọ yẹtí tí ẹ bá rà fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, kó sì rìn jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ máa wo etí náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìyún nickel lè má dé lójú ẹsẹ̀. Ó lè di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Bí etí bá ṣì ń sun omi báyìí, ẹ jẹ́ kó gbẹ ná. Àwọn kan máa ń fi kútẹ́ẹ̀sì aláìláwọ̀ kun ọ̀pá yẹtí. Òógùn á bó o kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ má gbára lé e.

Ní ti mọ́mì, ẹ wo ẹran tó kù sísàlẹ̀ ihò yẹn. Bó bá ti fẹ́lẹ́, ohun wúwo lè là á já. Pílásítà kékeré aláìláwọ̀ lẹ́yìn etí àti rọ́bà tó fẹ̀ máa gbé e ró díẹ̀, fún yẹtí fúyẹ́ nìkan. Èyí tí kò nílò ihò, tó ń fún etí mú, wúlò fún wọn. Kí wọ́n máa bọ́ ọ lẹ́yìn wákàtí méjì, kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè lọ síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ìyàwó

Ẹ ṣé gan-an ni, mo ti pe ìyá ọmọ náà. Àmọ́ mọ́mì ti ra yẹtí ìyùn, ìkọ́ olómi wúrà ló sì ní. Ṣé ká dá a padà ni?

Onílẹ̀kẹ̀

Ẹ má dá a padà, ìkọ́ ni kí ẹ pààrọ̀. Ẹ ra ìkọ́ titanium, kí ẹ ní ẹ̀mú kékeré méjì. Òrùka kékeré kan wà nísàlẹ̀ ìkọ́ àtijọ́ níbi tí ìyùn ti so. Ẹ fi ẹ̀mú mú un lọ́tùn-ún àti lósì ibi tó ti là, kí ẹ fa ọ̀kan sọ́dọ̀ ara yín, kí ẹ sì ti èkejì síwájú. Ẹ má ya á sí ẹ̀gbẹ́, kò ní lè pa dé mọ́, ó sì lè kán. Ẹ ṣí ti ìkọ́ tuntun bákan náà, ẹ fi ìyùn kọ́, ẹ dá a padà. Kí ẹ wá fa òwú ìránṣọ kọjá níbi tí ẹ pa dé: bí òwú bá há síbẹ̀, kò tíì dé nìyẹn.

Bó bá jẹ́ ìṣùpọ̀ ìyùn, ẹ yọ ọ́ ku ẹyọ kan tàbí méjì. Ìyùn oníke kì í ṣe àbùkù létí, ó fúyẹ́ ju ìyùn gidi lọ, ti ọrùn ni kó jẹ́ gidi. Idẹ náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ẹ nítorí Ọ̀ṣun, ẹ so ó mọ́ ìkọ́ titanium, torí bàbà inú rẹ̀ máa ń fi àwọ̀ ewé sí ara tó bá làágùn.

Lọ́fínńdà àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń jẹ dídán ìyùn gidi. Lálẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n fi aṣọ rírọ̀ tó tutù díẹ̀ nu òógùn kúrò lára rẹ̀, kí wọ́n má rì í sómi. Kó wà níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí títí okùn inú rẹ̀ á fi gbẹ, kí wọ́n tó kó o padà sínú àpótí.