Èmi ò gbà pé kí rédíétọ̀ di “amẹ́ńjìntutù”

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni wa tó ń kọ ìwé atọ́nà fún àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn kan bàálù kékeré nílé béèrè orúkọ Yorùbá lọ́wọ́ wa fún nǹkan mẹ́ta: ohun tó ń mú omi ẹ́ńjìn tutù, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tò yí ẹ́ńjìn tí kò lo omi ká. Àbá tó ti wà nílẹ̀ ni “amẹ́ńjìntutù”, “ihò atẹ́gùn” àti “ìdènà”. Ẹ má bínú, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo fẹ́ tako.

“Amẹ́ńjìntutù” dùn lẹ́nu, ó sì bá “amúlétutù” tí gbogbo wa ti gbà mu. Àmọ́ ẹ wo Rotax 912, ẹ́ńjìn tí wọ́n ń ṣe ní Austria, tó wà nínú ọ̀pọ̀ bàálù tí wọ́n ń kàn nílé, tó ní agbára ẹṣin 80 tàbí 100. Omi ló ń mú orí sílíńdà rẹ̀ tutù. Afẹ́fẹ́ lásán ló ń mú ara sílíńdà yẹn kan náà tutù. Ọ́ìlì rẹ̀ náà tún ní rédíétọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èwo wá ni amẹ́ńjìntutù nínú gbogbo wọn? Ẹni tó bá kà á pé kí òun so hóòsì mọ́ amẹ́ńjìntutù yóò kàn dúró lójú kan ni. Mẹkáníìkì Mushin àti ti Ìbàdàn ti ń sọ “rédíétọ̀” tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè ohun tó jẹ́. Kí ló dé tí a fẹ́ gbà á lẹ́nu wọn? Rédíétọ̀ omi, rédíétọ̀ ọ́ìlì, ó parí.

Ọ̀rọ̀ kejì ló le. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú “atẹ́gùn” kúrò: bí ìwé náà bá bọ́ sọ́wọ́ atẹ̀wé tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, àwọn kan á kà á sí àtẹ̀gùn, wọn á máa wá ibi tí wọ́n máa gùn nínú bàálù. “Afẹ́fẹ́” kò ní wàhálà yẹn. Ní ti “ihò”, ihò jẹ́ ojú kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ohun tí a ń sọ yìí ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní àárín, ó sì ní ìparí, iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe sì yàtọ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹnu tó kọjú sí ọ̀nà tí bàálù ń lọ máa ń kéré ju ojú rédíétọ̀ lọ dáadáa. Láti ẹnu yẹn ni ọ̀nà náà á ti máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gba gbogbo ojú rédíétọ̀. Bó ṣe ń fẹ̀ ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń dẹ ìrìn, bó sì ṣe ń dẹ ìrìn ni agbára tó fi ń ti nǹkan ń pọ̀ sí i. Afẹ́fẹ́ tó rọra kọjá láàárín irin rédíétọ̀ á gbé ooru lọ láì fa bàálù sẹ́yìn púpọ̀: bí ìyára rẹ̀ bá dín sí ìdajì, ìfàsẹ́yìn á wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń kàn án bá kánjú fẹ ògiri rẹ̀, afẹ́fẹ́ á bọ́ kúrò lára ògiri, á máa yí pòòyì, igun rédíétọ̀ kò sì ní rí nǹkan kan gbà. Bí àlàfo bá sì wà láàárín rédíétọ̀ àti ògiri, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ máa gbà sá lọ.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè fara mọ́ “àrọ” tí ẹnì kan tún dábàá. Ẹni tó bá ti rọ kẹrosíìnì sínú ìgò rí mọ̀ pé ẹnu gbòòrò àrọ ló ń gba nǹkan. Tí a bá pè é bẹ́ẹ̀, ẹnu gbòòrò náà ni akànbàálù máa kọ sí afẹ́fẹ́. Èyí tí kò ráyè wọlé nínú rẹ̀ á máa ya sẹ́gbẹ̀ẹ́, bàálù á sì máa wọ́.

Mo dábàá “ọ̀nà afẹ́fẹ́” fún odindi rẹ̀, “ẹnu” fún iwájú, “ẹnu ìjáde” fún ẹ̀yìn. Fún ibi tó ń fẹ̀ láàárín, mo ti rò ó láti sọ pé “ikùn”, ṣùgbọ́n abẹ́ ikùn bàálù gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé rédíétọ̀ sí, ikùn á wá pọ̀ jù. “Ibi ìgbòòrò” ló tẹ́ mi lọ́rùn jù.

Ẹ má fojú kékeré wo ẹnu ìjáde yẹn. Ní 1935, F. W. Meredith, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ibùdó ìwádìí bàálù ní Farnborough, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé ooru tí rédíétọ̀ dà sínú afẹ́fẹ́ lè ṣe bàálù lóore: afẹ́fẹ́ gbígbóná á wú, á sì tú jáde pẹ̀lú agbára tí ẹnu ìjáde bá há bó ṣe yẹ. P-51 Mustang, bàálù ogun ti Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ fò ní 1940, ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Bàálù kékeré kì í sáré tó bẹ́ẹ̀, èrè yẹn kò ní tó nǹkan lára rẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹnu ìjáde bá há jù, ẹ́ńjìn á gbóná. Bó bá fẹ̀ jù, ìfàsẹ́yìn á pọ̀.

Ní ti “ìdènà”, ohun tó ń dènà ń ní kí nǹkan má kọjá ni. Páànù tó wà lára Lycoming, ẹ́ńjìn bàálù tí afẹ́fẹ́ ń mú tutù, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ wọlé sókè ẹ́ńjìn, páànù àti rọ́bà etí rẹ̀ wá fi túláàsì mú un gba àárín irin sílíńdà sọ̀kalẹ̀. “Adarí-afẹ́fẹ́” ni temi.

Ó ku ohun kékeré tí awakọ̀ ń ṣí tó sì ń pa dé lẹ́nu ìjáde. Ẹnì kan kọ “ilẹ̀kùn ìdí”. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi pa ìyẹn rẹ́ kí àwọn ọmọ iléèwé tó rí i. “Ìdérí ẹnu ìjáde” tó.